Ìwọ Kan Ṣoṣo Lẹ́nu Ayaba

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Jánúárì 1963

Wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó máa ṣe eré mọ́ ilẹ̀kùn yàrá tíì ilé ìwé eré wa ní aago mẹ́wàá. Mo dúró títí gbogbo ènìyàn fi wò ó tán kí n tó súnmọ́ ọn. Mo wá orúkọ mi láàárín àwọn ìránṣẹ́bìnrin, n kò rí i. Mo wá a láàárín àwọn ọmọ ogun, kò sí níbẹ̀ náà. Òkè pátápátá ló wà, ní ìlà kejì: Ayaba Ismay, Annis Iveson. Ìlà kìíní ni Ayaba Bertrade, Verity Challoner.

Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Ta ló ń jẹ́ Iveson?" A ti jọ wà ní kíláàsì kan náà láti oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀gbẹ́ni Lascelles tó ń darí eré náà pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Kò ní kí n jókòó.

"Míìsì Iveson, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín. Ṣáájú Kérésìmesì, méjì nínú àwa olùkọ́ mẹ́ta ní kí ẹ máa lọ sílé. Wọ́n ní ojú yín là, etí yín sì mú, ṣùgbọ́n ohùn yín kì í kọjá ìlà àga kẹta. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Ismay ni mo fún yín. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta tí a máa ṣe eré náà, Míìsì Tranter tó ń kọ́ yín ní ohùn á jókòó sí ìlà tó gbẹ̀yìn. Tó bá gbọ́ yín, tó sì gbà yín gbọ́, ẹ dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lọ."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Ó ní, "Kí lẹ wí?"

Ọjọ́bọ̀, 10 Jánúárì

Yìnyín tó bọ́ ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ṣì wà nílẹ̀. Ó ti le bí òkúta, ó sì ti dúdú. Omi dì nínú páìpù ilé láàárọ̀ yìí. Èmi àti Ìyáàfin Pocock, onílé mi, gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sí ẹnu ẹ̀rọ omi tí ìjọba gbé sí ìkángun òpópónà. Nígbà tí a ó fi padà dé, ológbò rẹ̀ ti wà lórí tábìlì, ó ń lá bọ́tà.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀!" ni ó pariwo mọ́ ọn. "Ẹ̀yin olè! Ẹ̀yin aláìnítìjú!"

Ẹ̀yin ni wọ́n ń pe gbogbo ohun tó ní èémí nílùú yìí: ọlọ́pàá, ọmọ ọwọ́, ológbò. Ìwọ ti kú lẹ́nu àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù láti ayé baba ńlá wọn. Ilé ìjọsìn àti inú eré àtijọ́ nìkan ló kù sí. Lọ́dọ̀ wa lórí òkè níbi tí a ti ń sin àgùntàn, kò kú rárá. Ìyá àgbà kò ní pe ológbò ní ẹ̀yin láéláé.

Owó ọkọ̀ ojú irin kò jẹ́ kí n lọ sílé ní Kérésìmesì. Láti oṣù Kẹsàn-án, kò tíì sí ẹni tó pè mí ní ìwọ.

Ọjọ́ Ajé, 14 Jánúárì

Wákàtí kan lọ́dọ̀ Míìsì Tranter, olùkọ́ ohùn. Ó ki egungun kékeré kan sáàárín eyín mi lókè àti nísàlẹ̀ kí ẹnu mi má baà pa dé, mo sì ń ka ìlà ayaba bẹ́ẹ̀. Itọ́ ń dà sí mi lágbọ̀n.

"Ẹ gbé òkè yín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Míìsì Iveson. Ayaba kì í ti àárín àgùntàn jáde. Ẹ tún un wí."

Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ní kí n máa lọ ni, kò sì fi pamọ́ fún mi. Ó fún mi ní súìtì ọ̀fun mẹ́ta bí mo ṣe ń jáde.

Ọjọ́bọ̀, 17 Jánúárì

A jókòó yípo nínú gbọ̀ngàn pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, a sì ka eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ti tó irínwó ọdún, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó kọ ọ́. Ọba kú, àbúrò rẹ̀ gba ìtẹ́. Ismay ni opó ọba tó kú, Bertrade ni ìyàwó ọba tuntun. Ọmọkùnrin Ismay wà lẹ́wọ̀n wọn. Nínú ìran kẹta, Ismay wọ ibi àsè ìgbadé láìjẹ́ pé wọ́n pè é, àwọn ayaba méjèèjì sì ń bú ara wọn títí oníṣẹ́ fi wọlé wá wí pé wọ́n ti pa ọmọ náà. Ismay wá gégùn-ún. Ìran yẹn ni gbogbo eré náà.

Verity ka tirẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ oúnjẹ tó wù ú: "Ta ló jẹ́ kí opó yìí wọlé? Ìwọ òkú tó gbàgbé láti dùbúlẹ̀! Gbé ìbànújẹ́ rẹ lọ síbi tí ajá ń sùn!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọmọ adájọ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í bẹ̀rù ibi tó ń lọ.

Ó kàn mí. "Mo kí ọ, ayaba. Adé rẹ bá ọ mu. Ó ti bá orí mẹ́ta mu ṣáájú tìrẹ, wọ́n sì ti sin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Ẹ fún *ìwọ* yẹn ní ọlá tirẹ̀," ni Ọ̀gbẹ́ni Lascelles wí. "Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni láyé àtijọ́. Ẹ sọ ọ́ bí ìgbà tí ẹ bá ń gbàdúrà. *Ìwọ tí ń bẹ lọ́run.* Ṣé ó yé yín?"

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀! Bí mo bá pe àlùfáà wa ní ìwọ nílé, ojú mi á wú fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní ó yé mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Jánúárì

Nǹkan kan ń ṣe mí tí n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbàkúùgbà tí Verity bá kọjú sí mi tó ní "Ìwọ!", inú mi a lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹni tí wọ́n pè láti ìdí ààrò pé oúnjẹ ti jinná. Ó ń pè mí ní òkú, èmi ń gbọ́ ohùn ilé.

"Ẹ dúró!" ni Ọ̀gbẹ́ni Lascelles ké. "Míìsì Iveson, ó ń bú yín! Kí ló dé tí ẹ ń wò ó bí ọmọ màlúù tó rí ìyá rẹ̀?"

Desmond Tuke tó ń ṣe oníṣẹ́ ké "Múù" láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Desmond," ni Verity wí. "Bóyá ìfẹ́ mi ló ń pa á."

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Kò sí ohun mìíràn tí ènìyàn lè ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Jánúárì

Kẹrosíìnì ti di góòlù. Mo tò fún wákàtí kan ààbọ̀, ó sì tán nígbà tó ku ènìyàn mẹ́rin kó kàn mí. Wọ́n ti ń ta kábéèjì kékeré kan ní ṣílè méjì. Ìka ẹsẹ̀ mi wú, ó ń yún mí bí iná.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Jánúárì

Lẹ́tà bàbá mi dé lánàá. Ó lo ọjọ́ mọ́kànlá lọ́nà. Wọ́n ti hú àgùntàn mọ́kànlélógójì jáde lábẹ́ yìnyín, mẹ́rìnlá ti kú. "Bí wọn kò bá fẹ́ ọ níbẹ̀, máa bọ̀. Àgùntàn á máa bímọ ní oṣù Kẹrin, ọwọ́ wa kò tó. Kò sí ìtìjú níbẹ̀." Ìyá àgbà fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀: "Ṣé ò ń jẹun?"

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí mo bá padà fún oṣù Kẹrin, n kò ní tún jáde mọ́. Ìyá mi ti jẹ́ olùkọ́ rí nílùú ńlá kan. Ó padà wá fún oṣù kan péré láti ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ti pé ogún ọdún báyìí. Kò ráhùn rí. Ó kàn máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọkọ̀ bá ń kọjá.

Ọjọ́bọ̀, 31 Jánúárì

Mo lọ sí ilé ìkàwé nítorí pé iná tí ènìyàn lè yá wà níbẹ̀. Kí wọ́n má baà lé mi, mo béèrè eré wa. Obìnrin ibẹ̀ gbé ẹ̀dà àtijọ́ kan wá, ó ti pọ́n bí omi tíì. Bébà tí àwa fi ń dánra wò, Ọ̀gbẹ́ni Lascelles ló tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì gé e kúrú díẹ̀.

Ó ṣe ju gígé lọ. Nínú ìwé àtijọ́, Bertrade ń pe Ismay ní ìwọ láti ìlà àkọ́kọ́, bí ẹni tó ń rán ọmọ-ọ̀dọ̀ níṣẹ́. Ismay kò dá a padà. Ẹ̀yin ló ń pè é. *Mo kí yín, ayaba. Adé yín bá yín mu.* Mo kà á: ìlà méjìlélógójì, ẹ̀yin, ẹ̀yin, ẹ̀yin, títí oníṣẹ́ fi dé. Ìgbà yẹn ni ó wá wí i, fún ìgbà àkọ́kọ́: *Ìwọ.* Ègún ló tẹ̀ lé e.

Ọ̀gbẹ́ni Lascelles ti fi ìwọ síbi gbogbo nítorí pé ó dún bí ohun àtijọ́. Ó ti na owó náà tán kí a tó dé ọjà.

Mo fi pẹ́ńsùlù kọ gbogbo rẹ̀ sí etí bébà mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Fẹ́búárì

Verity jókòó sí tábìlì mi nínú yàrá tíì. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó síbẹ̀. Ó fa bébà mi lọ́wọ́ mi láti wo ibi tí ó ti máa wọlé.

"Kí lèyí? Ẹ ti fi pẹ́ńsùlù ba gbogbo rẹ̀ jẹ́."

N kò mọ ohun tó ṣí mi lẹ́nu. Bóyá gbígbóná tíì ni. Mo sọ ti ìwé àtijọ́ fún un. Mo ní nílé wa, ẹni tí a bá fẹ́ràn ni à ń pè ní ìwọ, tàbí ẹni tí a kò kà sí, àti pé Ìyá àgbà máa ń sọ fún ọmọdé tó bá yájú sí i pé, "Pe ara rẹ ní ìwọ ná, kí o wò ó bó ṣe rí lára."

"Ẹ̀yin wá ńkọ́?" ni ó bi mí. "Ẹ̀yin tiwa yìí. Kí ló wà nínú ìyẹn? Bí ẹni ń mu omi ni."

Mo sọ ti Àǹtí Dinah fún un. Òun àti Peg Raw aládùúgbò rẹ̀ dàgbà pọ̀, ìwọ ni wọ́n ń pe ara wọn láti kékeré. Wọ́n wá jà nítorí àgbò kan. Láti ọjọ́ yẹn, Àǹtí Dinah kò bú u, kò sì yan odì sí i. Ó kàn ń pè é ní ẹ̀yin. Nígbà tí ọkọ Peg kú, Àǹtí mi gbé búrẹ́dì lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú àdánù, Ìyáàfin Raw. Ọlọ́run á tù yín nínú." Peg bú sẹ́kún lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní kò sunkún ọkọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Nítorí àgbò?"

"Nítorí àgbò."

"Ọdún mélòó?"

"Méjìlélógún."

Ó pa sìgá rẹ̀. "Ọlọ́run mi," ó ní. "Ẹ̀yin tí ẹ kì í sọ̀rọ̀ yìí." Ó bu ìdajì kéèkì rẹ̀ fún mi.

Mo ń fò lọ sílé lórí yìnyín. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, kò dùn mí.

Ọjọ́rú, 6 Fẹ́búárì

Ǹ bá má ti sọ̀rọ̀ lánàá.

A kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Verity nawọ́ sókè. "Ọ̀gá, Annis ní ẹ ti ba ìran kẹta jẹ́."

N kò sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ojú yí sí mi.

"Ó dáa," ni Ọ̀gbẹ́ni Lascelles wí. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́."

Mo sọ ọ́. Mo mọ̀ pé mo ń sọ ọ́ sínú kọ́là kóòtù mi.

"Ta ló kọ́ yín níyẹn?"

"Ó wà nínú ìwé àtijọ́, sà. Àti pé ìyá ìyá mi…"

"Ìyá ìyá yín."

"Ìyá ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù, èyí tó burú jù. "Míìsì Iveson, ìyá ìyá yín kò ní wá wòran. Àwọn tó ń wá wòran, ẹ̀yin ni wọ́n ń pe ìyàwó wọn, ẹ̀yin ni wọ́n ń pe agbowó orí. Tí ẹ bá pe ọ̀tá yín ní ẹ̀yin, wọn ò ní gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ìwọ ni kí ẹ wí, kí ẹ sì wí i sókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Verity bá mi lẹ́nu ọ̀nà. "Mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni," ó ní. Ẹ̀rín kò tíì tán lójú rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Fẹ́búárì

Nínú yàrá tíì:

"Ẹ bá mi gbé iyọ̀."

"Ta ló ní kí n gbé e?"

"Ìyá ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀."

Verity ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó sín ohùn mi jẹ dé ibi pé mo yíjú, mo rò pé èmi ni mo sọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú, 13 Fẹ́búárì

Ohùn mi ti lọ pátápátá. Mo dùbúlẹ̀ pẹ̀lú kóòtù àti ibọ̀sẹ̀ méjì. Ìyáàfin Pocock gbé omi àlùbọ́sà wá. "Wọ́n ń kọ́ yín láti sọ̀rọ̀, ẹ wá yadi. Mo ti rí ilé ìwé tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Fẹ́búárì

Ohùn ti padà. N kò lè jókòó sójú kan. Láràárọ̀ mo ń lọ sábẹ́ afárá ojú irin, bí ọkọ̀ aago méje ààbọ̀ bá sì ń kọjá lókè orí mi, mo ń kígbe ègún náà láti ìsàlẹ̀. Lónìí ọkọ̀ náà pẹ́. N kò fura pé kò tíì dé. "Ìwọ ìdin tó sanra lára ọmọ mi!" jáde nínú ìdákẹ́rọ́rọ́.

Ọkùnrin eléèédú kan dúró ní ìkángun kejì. Ó ṣí fìlà. "Ẹ kú àárọ̀ o, màdáàmù. Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Mo sá. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ mi, ìkángun kejì ló sì wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Fẹ́búárì

Ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ kò tíì tán. Wọ́n ti ń fi tọrọ ṣúgà, wọ́n fi ń tọrọ ìṣáná.

Jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Mo kórìíra Verity Challoner. Mo kórìíra bí ó ṣe ń fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bọ́ ní ìka kọ̀ọ̀kan. Mo kórìíra bí ó ṣe ń gbàgbé. N kò bú u o. Mo ń bọ̀wọ̀ fún un. "Ẹ káàárọ̀, Míìsì Challoner." "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjá, Míìsì Challoner." "Ẹ má ṣe ìyọnu, Míìsì Challoner."

Kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Lónìí ó sọ fún Desmond pé inú òun dùn pé mo ti ń tújú ká.

Ọjọ́rú, 6 Máàṣì

Mo jí, mo gbọ́ ariwo kan tí n kò mọ̀. Omi ni. Gbogbo òrùlé àdúgbò ń kán. Ìyáàfin Pocock ṣí ẹnu ẹ̀rọ ilé ìdáná sílẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Máàṣì

A wọ aṣọ eré fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ṣe é bí Ọ̀gbẹ́ni Lascelles ṣe fẹ́, ìwọ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọlá. Ó ń rìn láti ìlà dé ìlà láti mọ ibi tí ohùn mi dé. Ó dúró.

"Ìlà karùn-ún," ó ní. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú.

Míìsì Tranter kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó sì pa á dé.

Mo ti wo aago ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí òkè. Ti ọjọ́ Àbámẹ́ta gbéra ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ọjọ́bọ̀, 14 Máàṣì

Aago méjì ààbọ̀ ni a bẹ̀rẹ̀. Igba ènìyàn. Mo yọjú gba ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìkélé, mo rí Míìsì Tranter ní ìlà tó gbẹ̀yìn. Àpò rẹ̀ wà lórí itan, ó di ìwé rẹ̀ mú.

N kò pinnu nǹkan kan ṣáájú. Mo mọ ẹ̀dà méjèèjì lórí, ti bébà àti ti ìwé àtijọ́. Mo rò pé ti bébà ni n ó sọ.

Mo wọlé síbi àsè. Verity yíjú láti orí àga rẹ̀. "Ta ló jẹ́ kí opó yìí wọlé? Ìwọ òkú tó gbàgbé láti dùbúlẹ̀!" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ojú tó fi wò mí kì í ṣe ojú Bertrade. Ojú tó fi ń tọrọ iyọ̀ nínú yàrá tíì ni.

Mo tẹríba fún un.

"Mo kí yín, ayaba," ni mo wí. "Adé yín bá yín mu."

Láti ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, mo gbọ́ Ọ̀gbẹ́ni Lascelles tó mú bébà lọ́wọ́. Ó rò pé mo ti gbàgbé. "*Mo kí ọ!*" ló ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "*Ọ! Adé rẹ!*"

"Ó ti bá orí mẹ́ta mu ṣáájú tiyín," ni mo wí, "wọ́n sì ti sin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Verity ti gbọ́ ọ. Mo rí i nígbà tó wọ̀ ọ́ létí. N kò gbé ohùn sókè rárá. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ bí mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ yẹn, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ń sọ ìwọ sí mi, mo ń sọ ẹ̀yin sí i. Ní nǹkan bí ìlà kẹwàá, ẹ̀rín kú nínú gbọ̀ngàn. Ní ìlà ogún, Verity dìde lórí àga rẹ̀. A kò fi ìyẹn dánra wò. Ó ń bú mi kíkankíkan, èébú náà kò sì rí ibi tí yóò dúró sí lára mi. Mo rí i tó ń ro gbogbo "Ẹ káàárọ̀" tí mo ti kí i.

Desmond wọlé. "Ayaba, ọmọ yín ti kú."

Mo yíjú sí Verity. N kò pariwo.

"Ìwọ," ni mo wí.

Ohùn òkè wa ló jáde, pẹ̀lú gbogbo òkúta inú rẹ̀. Mo gbọ́ bí ó ṣe rìn lọ láàárín àwọn àga tó sì kan ògiri ẹ̀yìn. Verity gbé ọwọ́ sójú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbá létí.

"Ìwọ ìdin tó sanra lára ọmọ mi. Kí ọmọ tí ìwọ bá bí fi ojú ọmọ mi wò ọ́."

Ẹnikẹ́ni kò wúkọ́. Wọ́n ti ń wúkọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ eré.

Lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Lascelles kò bá mi sọ̀rọ̀. Verity kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tòun ti adé lórí, kò wò mí. Mo rìn láti ilé ìwé dé ilé, mo kọjá ilé, mo sì tún padà.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Máàṣì

Wọ́n pè mí ní aago mẹ́wàá. Ọ̀gbẹ́ni Lascelles àti Míìsì Tranter wà níbẹ̀.

"Ẹ ṣàìgbọràn sí mi lójú igba ènìyàn," ni Ọ̀gbẹ́ni Lascelles wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo ti ń wá ìbínú tí màá bá yín bí láti àná. Mi ò rí i." Ó nawọ́ sí Míìsì Tranter.

Míìsì Tranter bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìlà kejìdínlógún ni mo jókòó sí. Nígbà tí ẹ wí *ìwọ* yẹn, mo rò pé èmi lẹ ń bá wí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro gbogbo ohun tí mo ti ṣe láti ọdún 1930." Ó nu awò náà fún ìgbà pípẹ́. "Oṣù méjì ni mo sì fi kọ́ yín pé kí ẹ má máa sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró, Míìsì Iveson. Tí ẹ bá fẹ́."

Mo ní mo fẹ́. Kò sí ẹni tó ní kí n tún un wí.

"Ti ọ̀sán yìí ńkọ́, sà?" ni mo bi Ọ̀gbẹ́ni Lascelles. A ṣì ní láti ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Tí ẹ bá yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà nínú ti àná," ó ní, "èmi fúnra mi ni màá ru ẹrù yín dé ibùdókọ̀."

Mo kọ lẹ́tà sí bàbá mi kí n tó jẹun, kí n má baà rí àyè yí ọkàn padà. Mo ní n kò ní lè wá ní oṣù Kẹrin. Mo ní ó dùn mí. Òótọ́ ni méjèèjì.

Nínú yàrá ìmúra, Verity wọlé lẹ́yìn mi, ó jókòó síwájú dígí kejì. Ó kun ojú rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀, inú dígí ló sì ti ń wò mí.

"Ìwọ àná yẹn. Ta lẹ pè?"

Mo lè sọ pé ayaba ni. Ó ti fi àyè sílẹ̀ fún mi láti sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀yin ni," ni mo wí.

"Mo mọ̀." Ó mú adé, ó wo inú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn. Mo rò pé eré ni."

"Eré ni. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín."

Kò bẹ̀ mí. N kò retí rẹ̀. Ó gbé adé lérí, ó tún un ṣe títí ó fi jókòó dáadáa.

"Àná ẹ bá mi lójijì," ó ní. "Ọ̀sán yìí mo ti mọ ibi tó ń gbà bọ̀. Màá ti dúró dè yín."

"Ẹ dúró dáadáa," ni mo wí.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn pé ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó dìde, ó ṣí i, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ kọjá, Míìsì Iveson."

Ó ti gbọ́ èdè náà! Gbogbo yìnyín oṣù Jánúárì ló wà nínú rẹ̀.

"Ó tì o, Míìsì Challoner. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ kọjá."

"Èmi kẹ̀? Lójú yín? Ẹ jọ̀ọ́."

"Mo bẹ̀ yín."

A sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ gbọọrọ wa, ẹnikẹ́ni kò fẹ́ jáde ṣáájú ẹnì kejì, títí Desmond fi sáré dé láti orí ìtàgé. "Ẹ̀yin ayaba," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run, àwọn ènìyàn ti jókòó!"